Òkú Tòlótòló Lẹ́nu Ọ̀nà Opó

Ẹnu ọ̀nà yàrá Lateefah gan-an ni wọ́n kó òkú àwọn ọmọ tòlótòló náà dà sí. Wọn ò kó wọn sínú àpò, wọn ò fi nǹkan kan bò wọ́n. Wọ́n tò wọ́n sórí kọnkéré bí ìgbà tí ẹlẹ́ja bá ń pàtẹ, mẹ́tàlélọ́gọ́rin, eṣinṣin sì ti bò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú yàrá yẹn, àfi kó tẹ òkú mọ́lẹ̀.

Ìsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́ṣaléwá wo àwọn òkú náà, ó wo ilẹ̀kùn tó tì gbọn-in, ó wá wo àwọn ará ilé tó kóra jọ sí àgbàlá. Obìnrin kúkúrú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Ẹ̀rín wọ́n lẹ́nu rẹ̀ débi pé àwọn jàǹdùkú Mushin fi orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba ara wọn. Inú sì ti ń bí i láti àárọ̀, nítorí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní tésàn ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti kúrò lórí ẹjọ́ adigunjalè, ó ti bọ́ sórí ẹjọ́ tòlótòló.

"Ta ló kó wọn síbí?" ó bèèrè.

"Èmi ni." Ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì yọ síwájú, ó gbé àyà sókè. "Tàjùdéèn lorúkọ mi. Ẹni tó pa wọ́n ni kó wá jẹ wọ́n."

"Mi ò tíì bi ẹ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n o ṣeun, mi ò ní gbàgbé ẹ̀."

Kọ́pùrà Jude, ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé Ìsípẹ́kítọ̀ wá, fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Àlùájà Kùdírátù, ẹ̀gbọ́n Tàjùdéèn, ló ni àwọn tòlótòló náà. Orí àga ló jókòó sí lábẹ́ ìbòrí páànù, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èpè ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ra ọmọ tòlótòló, tó ń tọ́ wọn lẹ́yìn ilé, tó sì ń tà wọ́n nígbà ọdún. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

"Ọgọ́fà ni wọ́n dé síbí ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ó wí. "Ara wọn le koko. Túsìdeè yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ilẹ̀ òní tó mọ́, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù fún mi."

"Kí ló mú kó dá yín lójú pé Lateefah ni?"

"Mo fojú ara mi rí i! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú yàrá tòlótòló, ó ń ṣe nǹkan kan pẹ̀lú ọ̀rá dúdú. Mo bi í pé kí nìyẹn, ó ní kò sí. Mo ti bi í, mo ti bi í, ẹnu ẹ̀ dì pa. Ẹni tí ò ṣe nǹkan kan, ṣé kì í sọ̀rọ̀ ni?"

Lateefah ni ìyàwó Abdulfatai, àbúrò Àlùájà, tó kú lóṣù mẹ́rin ààbọ̀ sẹ́yìn. Ọjọ́ Sọ́ńdè tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tákàbà, ìyẹn ìjókòó opó. Láàárín oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tó fi wà nínú ilé, ó jọ pé ńṣe ni wọ́n ń ka ọjọ́ fún un kí wọ́n tó rí ọ̀nà lé e.

"Èmi náà rí i ní Túsìdeè," Tàjùdéèn já lu ọ̀rọ̀. "Òògùn eku ló ń dà sínú àpò oúnjẹ wọn. Ẹ lọ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀."

"Nígbà tó o rí i, kí lo ṣe?"

"Mo rò pé... mo rò pé òògùn tòlótòló ni."

"O rí òògùn eku, o rò pé òògùn tòlótòló ni. Ó dáa."

"Ẹ gbọ́, Mádàámù," Àlùájà wí, ohùn rẹ̀ sì le. "Ẹbí ti pinnu. Tí a bá ti kírun Àsárì tán nírọ̀lẹ́ òní, ẹrù Lateefah máa wà ní títì. Mo kàn pè yín kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé a fìyà jẹ opó ni. Ẹ gbé e lọ kí n ráyè sinmi."

Ìsípẹ́kítọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mọ́kànlá ti kọjá.

"Kí àkókò Àsárì tó pé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí wọ́n ti kú."

*

Yàrá tòlótòló wà ní ẹ̀yìn ilé. Ìkòkò èédú méjì ló ń mú un móoru, òórùn ìgbẹ́ sì gba ibẹ̀ kan. Èérún pákó pupa tí wọ́n bù lọ́dọ̀ àwọn alápákó Mushin ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́tàdínlógójì tó ṣẹ́ kù rọ́ra wọn mọ́ igun kan, ìyẹ́ wọn wálẹ̀, wọn ò lè dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ kéékèèké kan ń sáré láàárín wọn, wọ́n ń tú ilẹ̀, wọ́n ń ké bí ẹni pé ọdún ló dé.

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Ọmọ adìẹ ni," Àlùájà dáhùn. "Tòlótòló ò gbọ́n tó bá kéré. Ó lè dúró ti oúnjẹ kí ebi sì pa á kú. A máa ń kó ọmọ adìẹ mélòó kan sí i, kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣá a jẹ. Tíṣà là ń pè wọ́n."

"Tíṣà mélòó lẹ kó sí i?"

"Mẹ́fà."

Ìsípẹ́kítọ̀ kà wọ́n. Mẹ́fà pé. "Abọ́ kan náà ni gbogbo wọn fi ń jẹun?"

"Abọ́ kan náà, omi kan náà."

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rin kú nídìí abọ́ yẹn, tíṣà kan ṣoṣo ò sì rẹ̀."

Àlùájà tún àwọn tíṣà náà kà fúnra rẹ̀. Ó hàn pé kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Àpò oúnjẹ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Lóòótọ́, hóró òògùn eku pupa wà lójú rẹ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ fi ọ̀rá bo ọwọ́, ó tì í wọ inú àpò títí dé ìgúnpá. Oúnjẹ lásán ló kó jáde. Orí nìkan ni òògùn náà wà. Ó tún rí òwú funfun tí wọ́n fi rán ẹnu àpò náà nílẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ìgbẹ́ kankan ò tíì kàn án.

"Ìgbà wo lẹ ṣí àpò yìí, Àlùájà?"

"Àná. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ti tẹ́lẹ̀ ti tán láàárọ̀."

"Ẹ ṣeun." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì pariwo. "Tàjùdéèn! Wá fi àpò tó o rí Lateefah nídìí ẹ̀ ní Túsìdeè hàn mí."

Tàjùdéèn wọlé, ó na ìka sí àpò náà láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí nìyẹn. Mo lè fi Kùránì búra."

"Má tíì búra. Ta ló gbé àpò yìí wálé?"

Tàjùdéèn fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn.

"Òun náà ni," Àlùájà wí. "Tọ́sìdeè ló bá mi gbé e wá láti ọjà Ojúwòyè, ó tiẹ̀ ní ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́..." Ó yíjú wo Tàjùdéèn.

"Tọ́sìdeè, ìjẹta," Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Ní Túsìdeè, àpò yìí ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á. Àbí Lateefah rìn lọ sí Ojúwòyè, ó da òògùn sí i, ó rán ẹnu rẹ̀ padà, ó wá ní kí wọ́n tà á fún ẹ?"

"Bóyá kì í ṣe àpò yìí..."

"O ti fi hàn mí. Jude, kí làwọn ará àdúgbò sọ?"

Ojú títì ni Jude wà látìgbà tí wọ́n ti wọ yàrá yẹn, ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. "Mádàámù, ẹni tó ń tún fóònù ṣe níwájú yẹn ní, ní Wẹ́sìdeè, brọ̀dá yìí pe òun wá wo yàrá aya olóògbé, pé ojú títì ni fèrèsé ẹ̀ kọ sí, ó máa dáa fún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tiẹ̀ ti wọn ògiri ẹ̀ láti ìta."

"Irọ́ ni! Àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí, Lateefah ti rà yín!" Tàjùdéèn ń bú, ó ń pariwo, ó ń na ìka sójú Jude. Jude sì di í lọ́wọ́ mú, ó fi í jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

Wọ́n rò pé Àlùájà máa bú sẹ́kún. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ tún le sí i.

"Ó dáa. Tàjùdéèn ti yà wèrè, ó fi òògùn sí i lánàá kó lè rí ẹ̀rí. Ti òun yàtọ̀. Kí ló pa tòlótòló mi? Kí ni obìnrin yẹn ń ṣe pẹ̀lú ọ̀rá? Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o."

Ó dun Ìsípẹ́kítọ̀ pé òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ó ti mú òpùrọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde ò tíì bọ́.

*

Dókítà Aneesah, dókítà ẹran tí Ìsípẹ́kítọ̀ ránṣẹ́ pè, tó ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà, dé ní aago méjìlá ààbọ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó to òkú mẹ́ta sórí pákó, ó là wọ́n níkùn.

"Ẹ wo ẹ̀dọ̀ wọn."

Ẹ̀dọ̀ náà wú. Àmì wínníwínní aláwọ̀ eérú wà káàkiri ara rẹ̀, ojú àmì kọ̀ọ̀kan sì jìn wọnú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èkejì àti ẹ̀kẹta rí.

"Ṣé òògùn eku lè ṣe èyí?" Ìsípẹ́kítọ̀ bèèrè.

"Rárá. Irú òògùn eku yẹn, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń mú kó tú sí wọn nínú. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbí. Àrùn ẹ̀dọ̀ ni. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń fà á, ọmọ tòlótòló tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì máa ń pa jù. Mo máa gbé díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí n tó fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyẹn."

"Adìẹ ńkọ́?"

"Kì í mú adìẹ, kì í mú èèyàn."

"Kí ni òògùn ẹ̀?" Àlùájà bèèrè.

"Kò sí, Mà. Kò sí abẹ́rẹ́ ẹ̀ náà. Ẹ kàn jẹ́ kí ara wọn máa móoru, ẹ má há wọn mọ́ra. Ó lè wà lára wọn láì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tí ìyà bá wá jẹ wọ́n, bí òtútù, ìgbà yẹn ló máa ń dà wọ́n dùbúlẹ̀."

"Mọ́ńdè lòjò wọlé sí wọn lára," Àlùájà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èédú kú títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

"Báwo ló ṣe máa ń dé ara wọn?" Ìsípẹ́kítọ̀ bèèrè.

"Inú ìgbẹ́ wọn ló máa ń wà. Ìgbẹ́ ibòmíì tó bá dé ibí, tàbí ohun tí ìgbẹ́ ti kàn, ti tó."

Àlùájà fò dìde bí ẹni tí iná jó. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ tẹnu dókítà! Ìgbẹ́ ló wà nínú ọ̀rá dúdú yẹn! Ńṣe ló ń dà á sílẹ̀! Ó lọ bu àrùn wá láti ibòmíì kó lè ba tèmi jẹ́!"

Àwọn ará ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan fi igbá gbá ilẹ̀kùn Lateefah, òmíràn tutọ́ sí i. Dókítà wo Ìsípẹ́kítọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba opó náà sílẹ̀ ló tún ti dè é pinpin.

*

Lateefah fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún Ìsípẹ́kítọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ gbẹ. Báàgì mẹ́rin wà nílẹ̀ láàárín yàrá, ó ti di wọ́n tán.

"O ti di ẹrù."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi, Mà. Mo ti ṣe tán."

"Yàrá tí ọkọ ẹ fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ rèé. Ṣé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lo fẹ́ lọ ni?"

"Mi ò ní ibì kankan tí mo fẹ́ lọ."

"Kí ló wà nínú ọ̀rá?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún ẹnu báàgì kan dì.

"Mo ti rí i pé Tàjùdéèn ló fi òògùn sínú oúnjẹ. Tó o bá sọ ti ọ̀rá fún mi, ọ̀rọ̀ tán."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni, Mà. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín." Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

Ìsípẹ́kítọ̀ ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ níṣẹ́ yìí. Ọ̀daràn máa ń purọ́ kó lè bọ́ ni. Èyí ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dè é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ló ń bò, ẹni tó bá sì tó kéèyàn pàdánù ilé nítorí ẹ̀ kò lè pọ̀.

Ó padà sí yàrá tòlótòló. Ó kúnlẹ̀, ó ń yẹ ilẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, tíṣà kan sì ń ṣá okùn bàtà rẹ̀ jẹ. Ní abẹ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé ìkòkò èédú lé, níbi tí ọwọ́ ò ti lè wọ̀ dáadáa, ó rí èérún pákó tí kò jọ ti yòókù. Funfun ni, ó ká kòrókòró, ìgbẹ́ tó ti gbẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó kó o sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e lọ bá Àlùájà.

"Ibo lèyí ti wá?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ojú Àlùájà rọ̀. "Háà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan burúkú. Ọwọ́ ire nìyẹn."

"Kí ni ọwọ́ ire?"

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ ò mọ nǹkan kan. Tí a bá fẹ́ kó ọmọ tòlótòló sínú yàrá, a máa ń pe ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dáa kó wá bá wa ṣí i. Á lọ bu ẹ̀kúnwọ́ èérún pákó níbi tí tiwọn ti ń ṣe dáadáa, á wá dà á sáàárín yàrá tuntun, á ṣàdúà. Bí ti ọ̀hún ṣe yè, bẹ́ẹ̀ ni tibí náà á yè. Ọdún kọkànlá rèé tá a ti ń ṣe é."

Ìsípẹ́kítọ̀ wo dókítà. Dókítà ti dijú.

"Ó dà á sí àárín yàrá," Ìsípẹ́kítọ̀ tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àárín yàrá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti wá. Èérún funfun kan ò sí níbẹ̀. Èyí tó fò wọ abẹ́ búlọ́ọ̀kù nìkan ló kù. Àlùájà, ẹni tó bá ń da nǹkan sílẹ̀, a máa ń bá a nílẹ̀. Ẹni tó ṣà á kúrò ló ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ohun tí Lateefah ń ṣe nígbà tẹ́ ẹ rí i nìyẹn. Ó ń kó o jáde. Kò kàn rí gbogbo ẹ̀ kó ni."

"Kí ló dé tí ò sọ?"

"Mo fẹ́ bi yín. Ta ni ọlọ́wọ́ ire yẹn?"

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Àlùájà. "Bàbá Ṣàfíù ni. Ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó."

"Kí ni Bàbá Ṣàfíù jẹ́ sí Lateefah?"

"Bàbá ẹ̀ ni."

*

Wọn ò tiẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Bàbá Ṣàfíù ti gbọ́ pé wọ́n kó òkú sẹ́nu ọ̀nà ọmọ òun, ó sì dé kí aago méjì tó lù, jalabíà funfun lọ́rùn, ìbínú lójú. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Iṣẹ́ télọ̀ ló ṣe tẹ́lẹ̀, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Ta ló fi òkú ẹran ṣe ẹ̀gàn ọmọ mi? Kùdírátù, ṣé ìwọ ni? Lẹ́yìn gbogbo àdúà tí mo ti ṣe sínú ilé yìí?"

"Bàbá, ẹ jókòó," Ìsípẹ́kítọ̀ wí.

"Mi ò jókòó!"

"Ibo lẹ ti bu èérún tẹ́ ẹ dà síbí ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Ìbéèrè náà bá a lójijì. "Ilé obìnrin kan ládùúgbò mi. Tiẹ̀ ń ṣe dáadáa. Ìkankan ò kú níbẹ̀."

Ilẹ̀kùn Lateefah ṣí gbàgà. Ó fo àwọn òkú náà kọjá, ó sáré bọ́ sáàárín wọn. "Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn! Ẹ máa lọ sílé! Mo ti gbà pé èmi ni!"

"O gbà pé kí ni?"

Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Dókítà ló sọ ọ́ níkẹyìn, láì fi iyọ̀ sí i, láì sì fi ata sí i. Pé àrùn náà lè wà lára tòlótòló tí ara wọn le. Pé inú ìgbẹ́ ló ń gbé. Pé òjò ọjọ́ Mọ́ńdè ló kàn jí i.

Bàbá Ṣàfíù tẹ́tí sí i tán. Ó wo ọmọ rẹ̀. "O sọ ọ́ fún mi. Ìgbà tó o ń ta oúnjẹ adìẹ, o ní wọ́n kọ́ yín pé kéèyàn má kó ilẹ̀ ibì kan lọ síbòmíì. Mo fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

"Bàbá, ẹ dákẹ́."

"Ìwọ lo wá ń ṣà á lẹ́yìn mi."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè yín ní nǹkan míì!" Lateefah bú sẹ́kún nísinsìnyí, ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ Túsìdeè. "Ọwọ́ yìí nìkan ni gbogbo èèyàn fi ń bọ̀wọ̀ fún yín. Yàrá ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á!"

Àánú ṣe Ìsípẹ́kítọ̀, ó sì bínú pé àánú ṣe é. Àwọn ará ilé ti ń kùn. Ẹnì kan ní apààyàn ni bàbá àtọmọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n dì wọ́n pọ̀. Àlùájà Kùdírátù na ọwọ́ sí bàbá náà.

"Ìwọ ni! Ìwọ lo pa mí lẹ́kún! Mo fọkàn tán ẹ!"

"Àlùájà," Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ̀kúnwọ́ mélòó ló dà sílẹ̀?"

Àlùájà bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀súbáà.

"Ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo máa ń dà," Bàbá Ṣàfíù wí, kò gbójú sókè. "Ó ní kò tó. Ó ní lọ́dún yìí òun fẹ́ kí ọwọ́ náà kún. Mo padà lọ bu èkejì."

Ariwo àgbàlá náà rọlẹ̀. Àlùájà jókòó. Ó gbé tẹ̀súbáà sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

"Kò sí òfin tí mo lè fi mú ẹni tó ṣàdúà," Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Tàjùdéèn ló ń bá mi lọ sí tésàn, torí májèlé àti irọ́. Ẹ̀yin tó kù, àwọn òkú yẹn kò gbọdọ̀ pé wákàtí kan sí i lẹ́nu ọ̀nà obìnrin yẹn. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kó jìn, kẹ́ ẹ sì sin wọ́n, bí dókítà bá ṣe wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó wọn wá náà lẹ máa kó wọn lọ. Yàrá Lateefah, ti Lateefah ni. Ẹni tó bá sọ báàgì kan síta lẹ́yìn Àsárì, orúkọ ẹ̀ náà á wà nínú ìwé mi."

"Kò ní jáde," Àlùájà wí sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é gbọ́. Kò bẹ Lateefah. Lateefah náà ò wò ó.

Ìsípẹ́kítọ̀ ti yíjú kúrò kí ìbéèrè kan tó kọlù ú. Ó yẹ kó ti bèèrè rẹ̀ ṣáájú, ó sì bú ara rẹ̀ nínú.

"Bàbá, látìgbà tẹ́ ẹ ti kúrò níbí, ṣé ẹ ti bá ẹlòmíì ṣí ilé?"

Ọkùnrin náà dúró sójú kan. "Méjì. Ní Sọ́ńdè. Àwọn tibí ṣì ń ṣeré nígbà yẹn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ibí ni mo ti bu èérún náà."

*

Lẹ́yìn tí Jude ti wọ́ Tàjùdéèn lọ, Ìsípẹ́kítọ̀ bá bàbá àtọmọ rìn dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Dókítà ní àwọn gbọ́dọ̀ dé àwọn ilé méjèèjì náà lónìí, ṣùgbọ́n Bàbá Ṣàfíù ní òun ni yóò sọ ọ́ fúnra òun. Lateefah ti ti yàrá rẹ̀ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn.

Obìnrin ilé àkọ́kọ́, Jemilat lorúkọ rẹ̀, rí wọn láti òkèèrè. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré pàdé wọn.

"Ọlọ́wọ́ ire mi! Bàbá, ẹ ò jẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun tó! Ẹ wọlé, ẹ wá wò wọ́n, ẹ fọwọ́ kàn wọ́n fún mi!"

Ó di bàbá náà lọ́wọ́ mú, ó ń fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ṣàfíù dúró gbọn-in níta, ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Mi ò ní wọlé, Jemilat. Dúró kó o gbọ́ mi."

Ó sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì di ẹ̀bi ru òjò tàbí Àlùájà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú obìnrin náà ń yí padà. Nígbà tó parí, Jemilat wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi di bàbá náà mú, ó sì fi aṣọ rẹ̀ nù ún lójú gbogbo wọn. Ó wọlé, ó ti géètì. Wọ́n gbọ́ bó ṣe fi irin dè é.

"Ẹ má padà wá síbí mọ́!" ó pariwo láti inú ilé. "Tí ẹyọ kan bá kú, èmi àtẹ̀yin ni o!"

Inú Ìsípẹ́kítọ̀ bàjẹ́. Ó ti rí òótọ́ tí wọ́n rán an wá wá, kò sì rí ẹni kan tí òótọ́ náà ṣe lóore pátápátá. Ó fẹ́ sọ pé òun ni yóò lọ sí ilé kejì, kí àgbàlagbà náà máa lọ sinmi. Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣàfíù ti kọjá lọ, Lateefah sì tẹ̀ lé e.

Ilé kejì ò jìnnà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Láti inú lọ́hùn-ún, wọ́n ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ tòlótòló, ó pọ̀, ó sì dún kíkankíkan. Bàbá Ṣàfíù gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi méjèèjì sẹ́yìn, ó sì há wọn mọ́ra wọn.

"Lateefah," ó wí, "bá mi kan ilẹ̀kùn."